Páálí onínọ́ńbà, ayò, ọjà-títà, lúdò àbí fóònù: èwo lẹ máa fi kọ́ ọmọ kékeré ní ìṣirò?

Ọmọ ọdún mẹ́rin kan wà ní kíláàsì mi n'Íbàdàn tó máa ń ka ení dé ogún bí ẹni ń sáré, bàbá ẹ̀ sì máa ń pè é síta kó wá kà á fún àlejò, gbogbo wa la gbà pé orí ọmọ yìí pé. Lọ́jọ́ kan mo to ìdérí mínírà méje síwájú ẹ̀, mo ní kó bá mi kà wọ́n. Ó fi ìka kàn wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ení, èjì, ẹ̀ta, títí tó fi dé èje, kò fo ìkankan. Mo wá bi í pé, "Ó dáa, mélòó ni wọ́n?" Ó wo ojú mi, ó tún bẹ̀rẹ̀ látorí ení. Mo tún béèrè, ó tún kà á látìbẹ̀rẹ̀. Létí tiẹ̀, "mélòó" túmọ̀ sí "tún un kà". Kò tíì yé e pé ibi tí kíkà bá parí sí, iye tó wà nílẹ̀ náà nìyẹn.

Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pọ̀, tí nọ́ńbà wà lẹ́nu wọn tí kò tíì dé ọwọ́ wọn. Kíkà ṣáá ò lè tún un ṣe, eré ló ń tún un ṣe, àmọ́ kì í ṣe gbogbo eré o. Mo ti ra àwọn kan rí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí gbogbo ara ẹ̀ tó jẹ́ pé ọmọ ò rí nǹkan kan mú níbẹ̀, mo sì ti fi páálí Indomie ṣe òmíì tó ṣiṣẹ́ ju èyí tí mo fowó rà lọ. Ẹ jẹ́ n fi wọ́n wéra fún yín, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ántí tẹ́ ẹ ń kọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́fà.

Ohun tí mo fi ń yẹ̀ wọ́n wò

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé, ṣé nọ́ńbà ló ń gbé eré yẹn rìn? Ẹ yọ nọ́ńbà kúrò nínú ẹ̀ lọ́kàn yín, kẹ́ ẹ wò ó bóyá eré á ṣì máa lọ. Tó bá ṣì ń lọ geere, a jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n kàn fi nọ́ńbà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ọmọ á ta á láti àárọ̀ dalẹ́ kò ní kọ́ ìṣirò kankan níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń wò ó bóyá ọmọ á fọwọ́ kan nǹkan kan kó sì fẹnu sọ nọ́ńbà ẹ̀ síta, torí ọmọ tó ń wo nǹkan lásán ò jọ ọmọ tó ń gbé e kiri. Mo tún ń wo iye tó máa ná wa, bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó bàjẹ́ tàbí kó sọnù, àti bó ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó kan ọmọ, torí ọmọ ọdún mẹ́rin tó bá ń dúró de èèyàn mẹ́ta kó tó kàn án, ó ti dìde lọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà ńbẹ̀, mi ò sì kóyán ẹ̀ kéré rárá. Tá a bá ń kà lọ, a máa ń ní ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà. Ṣùgbọ́n tá a bá fẹ́ sọ iye tó wà nílẹ̀, mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà la máa sọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ò ní èyí, "seven" náà lẹ fi ń kà, òun náà lẹ fi ń sọ iye. Yorùbá ní tiẹ̀ ti ṣe ìlẹ̀kùn síbẹ̀: ọmọ tó bá lè ka èje tán tó wá sọ pé "méje ni", ó ti wọlé nìyẹn. Ọmọ tí mo sọ lókè yẹn, ohun tí mo fi ràn án lọ́wọ́ nìyẹn. Tó bá ti kà dé ìparí, á fi ọwọ́ méjèèjì bo gbogbo ìdérí yẹn mọ́lẹ̀ á wá pariwo "méje ni!" Kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ tó fi dẹ́kun àtikà padà.

Páálí onínọ́ńbà tẹ́ ẹ fọwọ́ yín ṣe

Èyí ni mo fẹ́ràn jù, mi ò ní pa á mọ́ fún yín. Ẹ gé páálí ní gígùn, ẹ fi máákà pín in sí ojú mẹ́wàá lórí ìlà kan ṣoṣo, ẹ kọ 1 dé 10 síbẹ̀ láti òsì lọ sí ọ̀tún. Ẹ wá ìdérí mínírà kan, ẹ fi máákà tó àmì kan sí ojú kan, àmì méjì sí ojú kejì. Ìyẹn ni dáìsì yín. Ọmọ á jù ú, tó bá ṣí sí ojú kan á sún ẹ̀ẹ̀kan, tó bá ṣí sí méjì á sún ẹ̀ẹ̀mejì, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé mẹ́wàá ló jẹ. Ó tán. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ fi máa ta á kan, ẹ ó sì ta á tó ìgbà mẹ́ta kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná.

Ẹ má fojú tín-ín-rín ẹ̀ torí pé ó rọrùn. Robert Siegler àti Geetha Ramani, olùwádìí ni àwọn méjèèjì l'Amẹ́ríkà, wọ́n gbé irú eré yìí fún àwọn ọmọ jẹ́léósinmi tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí nílé wọn, wọ́n sì tẹ èsì ẹ̀ jáde ní 2008. Ìgbà mẹ́rin péré ni wọ́n bá àwọn ọmọ yẹn ta á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìgbà kọ̀ọ̀kan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Àwọn ọmọ kan ta èyí tó ní nọ́ńbà 1 sí 10, àwọn tó kù ta irú ẹ̀ gan-an ṣùgbọ́n àwọ̀ ló wà lójú ẹ̀ dípò nọ́ńbà. Àwọn tó ta ti nọ́ńbà wá mọ̀ọ́ kà sí i, wọ́n mọ èyí tó pọ̀ jù nínú nọ́ńbà méjì, ó sì ṣì wà lórí wọn nígbà tí wọ́n padà lọ yẹ̀ wọ́n wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Àwọn tó ta aláwọ̀ ò yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe wà. Ẹ ò rí i pé ohun tí mo sọ lókè náà ni, wọ́n yọ nọ́ńbà kúrò, eré ń lọ, ẹ̀kọ́ sì lọ pẹ̀lú ẹ̀. Wọ́n tún wá rí i lẹ́yìn náà pé tí wọ́n bá ṣe é ní róbótó dípò ìlà gbọọrọ, kì í ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, torí lórí ìlà, ọmọ ń fojú rí i pé nọ́ńbà tó bá jìnnà ló pọ̀.

Ibì kan ló wà tí ọ̀pọ̀ ń ti gbà á sọnù, àwọn ántí kan gan-an ń ṣe é. Ọmọ wà lórí 4, ó ju méjì, ó wá ń sún, ó ń ka "ení, èjì". Ó dé orí 6 lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ nípa 6. Ohun tó yẹ kó sọ ni "àrún, ẹ̀fà", nọ́ńbà tó wà lójú ibi tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń tẹ̀. Tó bá gbàgbé, ẹ dá a dúró pẹ̀lẹ́, ẹ gbá a lọ́wọ́ mú, ẹ bá a pè é pọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà, tẹ́ ẹ bá fo ibẹ̀, páálí lásán lẹ ń sún nǹkan lórí ẹ̀.

Tí ọmọ bá ti mọ mẹ́wàá dáadáa, ẹ ṣe ti ogún. Níbí, Yorùbá tún ní nǹkan tí mo nífẹ̀ẹ́ sí púpọ̀. Láti 11 dé 14, ńṣe là ń fi kún mẹ́wàá: mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá. Tó bá ti di 15, a ti kọjú sí ogún nìyẹn, a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ó le fún ọmọ, wọ́n á ní kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kà á. Àmọ́ lórí páálí ó máa ń yé wọn kíákíá. Mo fi pupa kun 10, mo sì fi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kun 11 sí 14, mo fi búlúù kun 20, mo wá fi búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ kun 15 sí 19. Tí ọmọ bá bọ́ sórí 16, á pe orúkọ ẹ̀, á wá fi ìka ka iye tó kù kó tó dé ogún. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún márùn-ún kan ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó kà á mẹ́rin, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún pe "mẹ́-rìn-dín-ló-gún" díẹ̀díẹ̀, ó wá gbójú sókè sí mi, ó ní, "Ántí, orúkọ ẹ̀ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀!" Mi ò lè gbàgbé ọjọ́ yẹn.

Owó? Kò sí. Bíbàjẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni, omi á dà sí i, ọmọ jòjòló á jẹ ẹ́, ẹ ṣe òmíì. Àléébù ẹ̀ ni pé àgbà gbọ́dọ̀ jókòó tì wọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì máa ń sú ọmọ ọdún mẹ́fà kíá.

Ayò

Ọpọ́n ayò ní ojú méjìlá, mẹ́fà níwájú mi, mẹ́fà níwájú rẹ, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin nínú ojú kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ ẹ̀ 48. Tẹ́ ò bá ní ọpọ́n, ẹ wá kíréètì ẹyin, èyí tó ń gba ọgbọ̀n ẹyin, ẹ gé ìlà méjì tó ní ojú mẹ́fà mẹ́fà jáde níbẹ̀, ọpọ́n ayò dé. Ọmọ ayò ò bá sí, òkúta wẹ́wẹ́ ń bẹ. Ẹ má fún ọmọ tó ṣì ń ki nǹkan bọ ẹnu o, torí ọmọ ayò lè há a lọ́fun, ẹ̀pà náà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ayò ń ṣe tí kò sí eré mìíràn tó ń ṣe é tó bẹ́ẹ̀ ni pínpín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ bu mẹ́rin sọ́wọ́, ó ń fi ọ̀kan sí ojú kan, ọ̀kan sí ojú kejì, tó bá fo ojú kan tàbí tó ju méjì síbì kan, ọwọ́ ẹ̀ máa tán níbi tí kò yẹ, ẹnìkejì ẹ̀ á sì pariwo. Ọmọ tó bá ń ka nǹkan tó ń fi ìka fo òmíì, tó ń ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ayò ni kẹ́ ẹ fún un. Lẹ́yìn náà ni ojú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í mú: ó wo inú ojú ọpọ́n fìrí, ó mọ̀ pé mẹ́ta ni láì kà á, torí níbi tí wọ́n bá ti ń fi méjì àti mẹ́ta jẹ, ó gbọ́dọ̀ tètè rí i kí ẹlòmíì tó rí i.

Fún ọmọ ọdún mẹ́rin, mi ò kí í fún un ní gbogbo ọpọ́n. Ojú mẹ́ta níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọmọ méjì méjì. Ìrònú pé "tí mo bá gbé eléyìí, ibo ló máa parí sí", ọmọ ọdún mẹ́fà sókè ló ni ín, ẹ má kánjú. Tẹ́ ẹ bá ta á tán, ẹ má kàn dà á nù, ẹ jẹ́ kí ọmọ to ohun tó jẹ ní mẹ́wàá mẹ́wàá sórí ilẹ̀, torí ẹni tó bá kọjá 24 nínú 48 ló ti borí, ìṣirò gidi ló wà níbẹ̀ yẹn.

Àléébù ẹ̀ kan tó tóbi ni pé kò sí nọ́ńbà kíkọ kankan lórí ọpọ́n. Ọmọ lè di ọ̀ta ayò kó má dá 7 mọ̀ yàtọ̀ sí 1. Torí náà ayò nìkan ò tó. Ṣùgbọ́n ọpọ́n igi tó bá dáa, ẹ̀yin lẹ máa tà á, ọmọ yín á tà á, ọmọ ọmọ yín á tà á, kò sí nǹkan olówó ọ̀wọ́n nínú ìwé yìí tó lágbára tó o.

Ọjà-títà

Gbogbo ọmọ wa ló ti ń ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ wọn, ewé ni ẹ̀fọ́, iyẹ̀pẹ̀ ni gàrí. Àgbà ló kàn máa wá nọ́ńbà sí i. Owó náírà wa ti tóbi jù fún ọmọ ọdún mẹ́rin báyìí, kí ló fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún ṣe, torí náà ìdérí mínírà lowó wa: tòmátì kan, ìdérí kan, iṣu kan, ìdérí mẹ́ta. Mo máa ń lọ rajà lọ́dọ̀ wọn, ma ní "Ìyá ọlọ́jà, ẹ ta tòmátì mẹ́ta fún mi", ma wá mọ̀ọ́mọ̀ san méjì. Ẹ wo bí wọ́n ṣe máa ń dìde! "Ántí, owó yín ò pé o!" Mélòó ló kù? "Ó ku ọ̀kan!" Ọmọ tí kì í dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì, á dáhùn èyí, torí ọjà tiẹ̀ ni.

Èyí tó wá dùn jù ni èènì. Mo ra mẹ́rin, mo ní "ẹ fún mi ní èènì", ó fi ọ̀kan sí i. Mélòó ni mo ń gbé lọlé? Ìròpọ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó kọ àmì kankan sójú pátákó. Àwọn tó ti tó ọdún márùn-ún sí mẹ́fà lè bẹ̀rẹ̀ sí í fún èèyàn ní ṣéńjì. Ẹ tún fún wọn ní ago mílíìkì àti kóńgò pẹ̀lú iyanrìn, ẹ ní kí wọ́n wá iye ago tó máa kún kóńgò. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ iye tí wọ́n rò, kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.

Kò náni ní nǹkan kan, kò sì sí ohun tó ń bàjẹ́ níbẹ̀, àmọ́ ó ń gba èèyàn lákòókò. Tí àgbà ò bá sí níbẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá nọ́ńbà ti pòórá, ó ti di ìjà ta ló ni gàrí.

Lúdò, wọ́ọ̀tì àti súwè

Lúdò wà nílé gbogbo èèyàn, ìdí nìyẹn tí àwọn òbí fi máa ń ní "ṣé lúdò ò tó ni?" Fún ọmọ ọdún mẹ́fà, ó tó díẹ̀: dáìsì méjì ń kọ́ ọ ní ìròpọ̀, àmì orí dáìsì náà á di ohun tó ń rí fìrí tó ń mọ̀. Fún ọmọ kékeré, rárá. Ó gbọ́dọ̀ dúró de sísì kó tó jáde, ó gbọ́dọ̀ dúró de èèyàn mẹ́ta, síìdì tó ti ń rìn bọ̀ láti àárọ̀, wọ́n á tún pa á, ẹkún á bẹ̀rẹ̀. Àwọn ojú tó ń rìn lórí ẹ̀ ò sì ní nọ́ńbà, gbogbo ìgbà ni ọmọ ń ka ení látìbẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní, ẹ lo dáìsì kan, síìdì méjì, kò sí dídúró de sísì, kò sí pípa.

Wọ́ọ̀tì ní nọ́ńbà tó tóbi dáadáa lójú kádì, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ọmọ lè máa fi àwòrán nìkan ta á lọ, tíráńgù lórí tíráńgù, kò ní wo nọ́ńbà. Tẹ́ ẹ bá sì wò ó dáadáa kò sí 6 kò sí 9 nínú ẹ̀. Mo máa ń yọ 1 dé 5 nínú sákù (èyí tó rí róbótó) fún ọmọ kan, 1 dé 5 nínú tíráńgù fún ìkejì, wọ́n á ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí tiẹ̀ bá pọ̀ jù á kó méjèèjì. Pick two àti general market yẹn, ẹ fi sílẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá wọ pámárì.

Súwè ní tiẹ̀, ṣọ́ọ̀kì nìkan lẹ nílò. Ẹ kọ nọ́ńbà sínú àpótí kọ̀ọ̀kan kí ọmọ sì pè é bó ṣe ń fò, fún ọmọ tí kò lè jókòó rárá, kò sí èyí tó dáa tó o.

Fóònù

Mi ò bá ẹni tó ń lò ó jà. Àwọn kan dáa, Khan Academy Kids jẹ́ ọ̀fẹ́, kò sì sí ìpolówó ọjà nínú ẹ̀, ìyẹn gan-an ṣọ̀wọ́n. Àmọ́ mo ti jókòó ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tó ń ta irú àpù báyìí, wọ́n ní kó tẹ ohun tó jẹ́ márùn-ún, ó tẹ èyí àkọ́kọ́, kò dún, ó tẹ ìkejì, kò dún, ó tẹ ìkẹta, àtẹ́wọ́ bẹ̀rẹ̀. Inú ẹ̀ dùn. Mo bi í pé kí ló tẹ̀, kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó sọ ọ́ síta, ìyẹn ló fi ṣeé ṣe. Dátà ń lọ, bátìrì ń tán, iná ò sí. Àjọ ìlera àgbáyé náà sọ ní 2019 pé ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́ nídìí fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti irú wọn, kó tiẹ̀ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ sàn. Tẹ́ ẹ bá máa lò ó, ẹ jókòó tì í, ẹ máa bi í.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Tí ọmọ bá wà láàárín ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin, tàbí tó ń kà tí kò mọ iye, páálí onínọ́ńbà ti mẹ́wàá ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ọjà-títà sí i ní ọjọ́ Sátidé. Tó bá ń fo nǹkan tó ń kà, ayò kékeré. Tó ti tó ọdún márùn-ún, páálí ti ogún àti ayò, wọ́ọ̀tì tí wọ́n ti yọ nínú ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó láwọn ẹ̀gbọ́n nílé, ẹ jẹ́ kó bá wọn ta lúdò oní-dáìsì méjì.

Ẹ̀yin ántí tẹ́ ẹ ní ọmọ ọgbọ̀n nínú kíláàsì, ẹ ṣe páálí mẹ́wàá, ẹ fi ọmọ mẹ́ta mẹ́ta sídìí ẹ̀, ẹ fi ọmọ kan tó ti mọ̀ ọ́n ṣe olórí ìdí kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ máa ń dé láti ibi iṣẹ́ lálẹ́ tó ti rẹ̀ yín, ẹ má yan ọjà-títà, ẹ ò ní lè ṣe é. Páálí lẹ máa lè ṣe, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àbí Houston, tẹ́rù ń bà yín pé kíkà ní Yorùbá á da ọmọ láàmú, ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní 1970 níléèwé kan ní Mọ́dákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àtàwọn iṣẹ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ yẹn ò sì kẹ́yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Fún yín, páálí ti ogún aláwọ̀ méjì yẹn ni. Ẹ kọ nọ́ńbà sí i, ẹ má kọ ọ̀rọ̀, kí orúkọ ẹ̀ máa ti ẹnu yín wá. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà máa bá wọn ta á lórí fídíò ní ọjọ́ Àìkú, kí páálí kan wà lọ́dọ̀ tiwọn, kí ìkejì wà lọ́dọ̀ màmá nílé, tí ọmọ bá ju ìdérí lọ́hùn-ún, màmá á sún un níbí, á sì pè é jáde kí ọmọ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe mẹ́tàdínlógún.